Aṣọ Ìkélé Ẹ̀bá Ọ̀nà: Àyẹ̀wò Sinimá Kan Lórí Igbó Ilẹ̀ Òtútù

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìbẹ̀wò ilé-ìwé yóò mọ̀ pé ojúde kì í sọ gbogbo òtítọ́ ilé. Mo dé ilé-ìwé kan rí, èyí tí n kò ní í dárúkọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri iwájú rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Òdòdó yí òpó àsíá ká. Àwọn ọmọ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú aṣọ mímọ́ láti kí mi káàbọ̀. Inú mi dùn, mo sì ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sínú ìwé mi kí n tó jókòó. Ìgbà tí mo ń wá omi tí n ó fi fọ ọwọ́ ni mo ṣèèṣì gba ẹ̀yìn ilé, tí mo bá kíláàsì mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ti ká òrùlé wọn lọ, tí àwọn ọmọ sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n fi hàn mí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi ni mo gbà lọ́kàn ara mi pé ohun tí wọ́n fi hàn mí ni gbogbo ohun tí ó wà.

Bí mo ti ń padà sílé, sinimá kan ni ó sọ sí mi lọ́kàn, èyí tí mo kọ́kọ́ wò ní ọdún 2009 nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Montreal, ní Kánádà. Ọ̀rọ̀ igbó ni sinimá náà ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ àti ìbéèrè iṣẹ́ mi dọ́gba: kí ni ó wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n jẹ́ kí á rí, báwo ni a ó sì ṣe dá a lẹ́jọ́ nígbà tí a bá rí i tán? Mo ti tún sinimá náà wò lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà wá. Mo rò pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti kọ́ ọmọ bí a ti í wo nǹkan; ẹ̀kọ́ wà nínú ohun tí ó ṣe dáadáa, ẹ̀kọ́ sì wà nínú ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Orúkọ sinimá náà ni L'Erreur boréale. Richard Desjardins àti Robert Monderie ni wọ́n ṣe é ní ọdún 1999. Akọrin àti akéwì ni Desjardins; ọmọ Rouyn-Noranda ni, ní ẹkùn Abitibi, ní apá ìwọ̀-oòrùn Quebec, níbi tí iṣẹ́ wíwa kùsà àti iṣẹ́ igi gígé ti ń bọ́ àwọn ènìyàn. Sinimá náà kò gùn ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ eré ọ̀rọ̀. Àwọn elédè Faransé a máa pe ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tí í tàn lójú ọ̀run ilẹ̀ àríwá lóru ní aurore boréale. Desjardins mú aurore kúrò, ó fi erreur, èyí tí í ṣe àṣìṣe, rọ́pò rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí àwa bá yí ohùn ọ̀rọ̀ padà díẹ̀, tí igbá di igba. Pẹ̀lú ìyípadà kékeré yìí, ohun tí àwọn ará ìlú náà fi ń yangàn di ohun tí wọ́n ní láti dáhùn fún.

Kí olùkà tó lè mọ bí ẹjọ́ náà ti rí, ó yẹ kí ó mọ irú igbó tí à ń sọ. Igbó ilẹ̀ òtútù yìí yí orí ayé ká bí ìgbànú, láti Alaska, kọjá Kánádà, títí dé Sweden, Finland àti Rọ́ṣíà. Kò rí bí igbó ẹgàn tí oríṣi igi inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọdẹ pàápàá kò lè dárúkọ wọn tán. Ní àríwá Quebec, ìwọ̀nba oríṣi igi díẹ̀ ni ó gba ilẹ̀ kan: igi fírì, tí í ṣe ìbátan èyí tí à ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, igi tí wọ́n ń pè ní jack pine, birch, àti, ju gbogbo wọn lọ, spruce dúdú. Igi gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni spruce dúdú. Ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, kì í sì í wọ́wé nígbà òtútù. Yìnyín a máa bo ilẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì ọdún, oṣù díẹ̀ péré ni igi sì ní láti fi dàgbà. Nítorí náà, igi tí ènìyàn lè fi apá kan ká mọ́ra lè ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé. Pákó ìkọ́lé àti pépà ni wọ́n ń fi irú igi bẹ́ẹ̀ ṣe.

Bí wọ́n ti ń gé e ni ó dá ìjà sílẹ̀. Wọn kì í ṣa igi kan mú kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá a wọ inú igbó, a sì gé gbogbo igi tí ó tó gé lulẹ̀, títí ojú yóò fi rí òfuurufú láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Èyí ni n ó máa pè ní gígé kanlẹ̀. Ìgbó tí ó bá hù lẹ́yìn rẹ̀ ni n ó sì máa pè ní igbó àtúnhù.

Ẹjọ́ tí Desjardins pè kò ṣòro láti lóye. Ó ní igbó Quebec kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Ti gbogbo ará ìlú ni. Òtítọ́ sì ni èyí, nítorí pé ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá igbó náà lọ ni ó wà lábẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n òfin igbó ti ọdún 1986 fún àwọn ilé-iṣẹ́ igi ní ìwé àdéhùn ọdún 25, pé kí wọ́n máa gé igi, kí wọ́n sì máa tọ́jú ilẹ̀. Òfin náà ní igi tí a ó máa gé lọ́dọọdún kò gbọdọ̀ ju èyí tí ń dàgbà lọ. Desjardins bèèrè pé: ta ni ó ń kà á? Ta ni ó lọ wò ó? Ǹjẹ́ ẹni tí ó ni igbó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó rẹ̀?

Níhìn-ín ni agbára sinimá náà wà. Ìwé ìjọba lè sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ojú-ewé igba kí ẹnikẹ́ni má kà á. Sinimá náà gbé wa wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì fi ilẹ̀ hàn wá láti òkè. Àwọn tí kò rí i tẹ́lẹ̀ rí i pé ibi tí wọ́n rò pé igbó ni ti di ilẹ̀ gbalasa, tí ọ̀nà katakata fà láàárín rẹ̀ bí ilà ojú.

Èmi náà jẹ́rìí sí i. Ní ọdún tí mo wo sinimá náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kíláàsì wọ ọkọ̀ láti Montreal lọ sí Abitibi. Wákàtí lórí wákàtí ni a fi rìn láàárín igi. Igi lọ́tùn-ún, igi lósì. Mo sọ fún un pé sinimá náà ti bú àwọn ènìyàn rẹ̀ jù, nítorí pé igbó ṣì kún ibi gbogbo. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá ọkọ̀ dúró. A kọjá sínú igi náà, a kò sì tíì rìn jìnnà tí ìmọ́lẹ̀ fi dé iwájú wa, tí igi sì tán. Ìyókù jẹ́ kùkùté àti ẹ̀ka gbígbẹ títí dé ẹsẹ̀ òkè. Ohun tí mo ń pè ní igbó láti òwúrọ̀ jẹ́ aṣọ ìkélé tí wọ́n ta sí ẹ̀bá ọ̀nà. Òfin ni ó ní kí wọ́n fi irú igi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ńlá àti lẹ́bàá adágún. Fún adágún àti odò, mítà 20 ni. Ti ẹ̀bá odò ní ìwúlò tirẹ̀, ó ń dáàbò bo omi àti ẹja. Ti ẹ̀bá ọ̀nà, iṣẹ́ ojú ayé ni.

Títí dé ibi yìí, ìyìn ni mo ní fún Desjardins àti Monderie. Wọ́n ká aṣọ ìkélé náà sókè. Ẹni tí ó ni nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti rí i, ẹni tí ó bá sì fi iṣẹ́ pamọ́ fún olówó iṣẹ́ ti fi ara rẹ̀ sínú ìfura, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ dára. Àwọn onímọ̀ igbó tí inú bí nígbà náà, tí wọ́n ní akọrin kò mọ nǹkankan nípa igi, gbàgbé pé kì í ṣe igi nìkan ni akọrin náà ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ àti ìjíhìn ni ó ń sọ, kò sì sí ọmọ ìlú tí ó kéré jù láti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ẹnu àwọn onímọ̀ igbó pẹ̀lú. Wọ́n ní sinimá náà fi ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé hàn, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kò sí oko tí kò ní í burú lójú ní ọjọ́ tí a kórè rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ya àwòrán oko àgbàdo ní ọjọ́ tí a ṣẹ́ ẹ tán, yóò lè fi ṣe ẹ̀rí pé àgbẹ̀ náà ti ba ilẹ̀ baba rẹ̀ jẹ́.

Ní tòótọ́, èsì wọn ní ìdí. Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi dúró sórí ilẹ̀ gbalasa ọjọ́ náà, ó ní kí n wo ìsàlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Láàárín ẹ̀ka gbígbẹ ni mo ti rí spruce kéékèèké, àwọn kan kò ga ju orúnkún mi lọ, wọ́n sì pọ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ ọdún yẹn. Irú wọn lè ti wà lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìga, bí ọmọ ilé tí ń retí ìgbà tí ààyè yóò ṣí. Kùkùté spruce dúdú kì í rúwé mọ́ bí a bá ti gé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó bá kan ilẹ̀ tútù a máa ta gbòǹgbò, a sì di igi mìíràn lábẹ́ ìyá rẹ̀. Nítorí èyí ni Quebec fi sọ ọ́ di àṣà, láti àwọn ọdún 1990, pé kí ẹ̀rọ tí ń gé igi máa tọ ipa kan ṣoṣo, kí ó má ṣe tẹ gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, kí àwọn igi kéékèèké lè yè. Igbó àtúnhù kì í ṣe àlá. Ní ibi púpọ̀ tí wọ́n gé kanlẹ̀, igi ti hù padà, ó sì ti ga ju ènìyàn lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, a ó sọ pé sinimá náà ṣe àbòsí, a ó sì dá àwọn ilé-iṣẹ́ igi sílẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Àbùkù sinimá náà, lójú tèmi, jinlẹ̀ ju ohun tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ rí lọ, ẹ̀bi àwọn ọ̀tá rẹ̀ náà sì jinlẹ̀ ju ohun tí sinimá náà fi hàn lọ. Àwòrán kọ́ wa láti máa bèèrè pé: ǹjẹ́ ilẹ̀ náà ti ṣófo? Àwọn onímọ̀ igbó dáhùn pé: rárá, igi ti hù. Àwọn méjèèjì ń jà lórí ìbéèrè tí kò tó. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: irú igbó wo ni ó hù, yóò sì pẹ́ tó báwo kí wọ́n tó tún gé e?

Ẹ wo bí igbó náà ti ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun kí ayùn tó dé. Iná ni. Mànàmáná a ṣá igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná a sì jó ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ju ìlú ńlá lọ. Èso jack pine a máa wà ní dídì pẹ̀lú oje fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ooru iná ni í ṣí i. Spruce dúdú náà a máa tọ́jú èso rẹ̀ sí orí igi téńté, a sì máa da irúgbìn sílẹ̀ nígbà tí iná bá kọjá. Àwọn tí ń gé igi kanlẹ̀ a máa sọ pé iṣẹ́ iná náà ni àwọn ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ púpọ̀ wà níbẹ̀. Iná a jó igi, a sì fi òkú igi sílẹ̀ ní ìdúró, èyí tí kòkòrò àti ẹyẹ yóò máa jẹ, tí wọn yóò sì máa gbé inú rẹ̀. Ayùn a kó igi lọ. Iná kì í mọ ọjọ́ orí. Ní ìhà ìlà-oòrùn Kánádà, ibi púpọ̀ wà tí iná kò dé fún ọgọ́rùn-ún ọdún, àní fún igba ọdún, tí igi àgbà àti igi ọmọdé sì jọ ń gbé pọ̀. Ayùn a máa padà wá ní kété tí igi bá tó ìlà fún pákó.

Ní ẹkùn Abitibi tí Desjardins ti wá gan-an, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó yani lẹ́nu. Apá kan ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀, omi kì í sì í tètè gbẹ lórí rẹ̀. Ewéko rírọ̀ kan a máa bo ilẹ̀ náà bí tìmùtìmù, a máa nípọn sí i lọ́dọọdún, a máa fa omi mọ́ra, a sì máa mú gbòǹgbò igi tutù, títí igbó yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àbàtà. Iná líle ni í jó tìmùtìmù náà, kí irúgbìn lè rí ilẹ̀ gidi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìgégi tí ń ṣọ́ra, tí kò fẹ́ da ilẹ̀ rú, a máa fi tìmùtìmù náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Igi a hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní í lè dàgbà bí bàbá rẹ̀. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ní irú ibẹ̀, ó lè jẹ́ pé rírú ilẹ̀ náà ni yóò gbà á là. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tí ó lè fi èyí hàn wá. Láti òkè, ibi tí a ṣọ́ra fún àti ibi tí a rú lè jọ ara wọn. Ibi tí a rú tilẹ̀ lè burú lójú jù.

Ẹ tún wo ti caribou, ẹran oníwo tí í ṣe ìbátan àgbọ̀nrín. Igbó àgbà ni ó ń gbé, nítorí pé ibẹ̀ ni oúnjẹ ìgbà òtútù rẹ̀ ti ń hù lórí ilẹ̀ àti lára ẹ̀ka igi. Nígbà tí a bá gé igbó kanlẹ̀, ewé tútù tí ó bá hù a fa ẹran ńlá tí ń jẹ́ moose wá; moose a fa ìkookò wá; ìkookò a sì gba ọ̀nà katakata wọlé, a bá caribou tí kò lè sáré là. Igbó ti hù padà, àwòrán rẹ̀ tutù lójú, ṣùgbọ́n onílé ti kú. Ní agbègbè Val-d'Or, ní Abitibi kan náà, caribou tí ó kù ní ọdún 2020 kò ju 7 lọ. Inú ọgbà ni wọ́n kó wọn sí kí ìkookò má ba à pa wọ́n tán.

Nítorí náà ni mo fi sọ pé ẹjọ́ tí sinimá náà pè tọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó gbé síwájú jù lọ ni ó rọrùn jù láti fọ́. Ó fi ilẹ̀ ṣíṣófo ṣe ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ilẹ̀ náà kò ṣófo mọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kan lè sọ pé ẹlẹ́rìí náà ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ariwo tí sinimá náà dá sílẹ̀ kò rọlẹ̀. Ní ọdún 2003, ìjọba Quebec yan ìgbìmọ̀ kan, tí Guy Coulombe jẹ́ alága rẹ̀, láti yẹ bí wọ́n ti ń ṣe àkóso igbó wò. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní oṣù December ọdún 2004. Ẹ̀bi pàtàkì tí wọ́n rí kò sí lójú ilẹ̀. Inú ìwé ìṣirò ni ó wà. Wọ́n rí i pé iye igi tí wọ́n ní a lè máa gé lọ́dọọdún ti ga ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n dín ti spruce, fírì, jack pine àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kù pẹ̀lú ìdá 20 nínú 100. Ìjọba gbà, ó sì fi òfin dín in kù ní ọdún 2005. Wọ́n dá ipò olórí onímọ̀ igbó sílẹ̀, ẹni tí yóò máa ṣe ìṣirò náà láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ igi ni yóò bá a ṣe é. Òfin igbó tuntun jáde ní ọdún 2010, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù April ọdún 2013. Ó gba ètò ìtọ́jú igbó kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́, ó dá a padà sọ́dọ̀ ìjọba.

Ìyípadà yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìlapákó ti ilẹ̀kùn wọn ní àwọn ọdún náà, àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní iṣẹ́ mìíràn sì jìyà. Òótọ́ ni pé ìṣubú iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2006 títí dé 2009, dá kún un. Síbẹ̀ ó yẹ kí aláríwísí rántí pé ẹni tí ń gé igi kì í ṣe ẹni tí ó ṣe ìṣirò. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nígbó, kí á máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ó di ayùn mú. Ó sì kan ẹni tí ó di ẹ̀rọ àwòrán mú.

Ṣé a ó wá sọ pé sinimá náà kùnà, nígbà tí kò lè fi ìṣirò hàn? Rárá. Ìwé ìṣirò náà wà láti ọjọ́ yìí, kò sì sí ará ìlú tí ó bèèrè rẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ ṣíṣófo ni ó mú kí àwọn ènìyàn bínú débi tí wọ́n fi ní kí wọ́n ṣí i. Mo gbà pé iṣẹ́ akéwì nìyẹn: láti jí ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jí ilé kò tíì mọ ibi tí iná wà. Lẹ́yìn akéwì, a nílò ẹni tí yóò padà lọ síbẹ̀ lọ́dún karùn-ún, lọ́dún kẹwàá, lọ́dún ogún, tí yóò máa wọn igi, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì nísinsìnyí ju ìgbà tí wọ́n ṣe sinimá náà lọ. Ní ọdún 2023, iná igbó jó ilẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù 4 hẹ́kítà lọ ní Quebec nìkan. Èéfín rẹ̀ dé New York, ó sì sọ ojú ọ̀run ibẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Mo ti sọ pé iná ni í tún igbó yìí dá. Ṣùgbọ́n igi gbọ́dọ̀ dàgbà kí ó tó ní èso tí yóò fi sílẹ̀. Bí iná bá dé bá igbó àtúnhù tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, spruce inú rẹ̀ kò tíì ní irúgbìn tó, kò sì sí ìyá tí ó kù nítòsí. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ ti lè ṣófo lóòótọ́, kí ó sì pẹ́ ní ṣíṣófo, àyàfi bí ènìyàn bá fi ọwọ́ gbìn ín. Ibi tí sinimá náà fi dẹ́rù bà wá ní 1999 hù padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rù tí ó yẹ kó bà wá ni ti ibi tí ó hù padà, tí ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá, tí kò sì tíì lágbára láti bímọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí sinimá yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi han àwọn ọmọ kíláàsì àgbà yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ilẹ̀ láti òkè, kí wọ́n sì bínú bí ó bá bí wọn nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ dá àwòrán dúró, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó ni igbó yìí? Kí ni a nílò láti mọ̀ tí àwòrán yìí kò lè sọ fún wa? Bí ẹ bá fẹ́ padà wá wò ó, ọdún mélòó sí i ni ẹ ó padà wá? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè kẹta ti kọ́ nǹkan tí yóò wúlò fún un nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní tèmi, mo padà sí ilé-ìwé tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. N kò fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú. Wọ́n ti fi páànù tuntun sí òrùlé kíláàsì mẹ́ta náà, ó ń dán nínú oòrùn, ọ̀gá ilé-ìwé sì fi ayọ̀ mú mi gba ẹ̀yìn ilé lọ wò ó. Mo yìn ín, nítorí ó yẹ ní yíyìn. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọ, mo sì gba ìwé iṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ojú-ewé kìíní.